Erékùṣù Kan, Ẹnubodè Méjì

Tíkẹ́ẹ̀tì méjì lè wà níwájú ẹni tó fẹ́ lọ sí Cyprus, kí orúkọ erékùṣù kan náà wà lára méjèèjì, síbẹ̀ kí wọ́n má gbé èrò lọ síbì kan náà. Ọ̀kan ń lọ sí Larnaca tàbí Paphos ní gúúsù. Èkejì ń gba Tọ́kì lọ balẹ̀ sí Ercan ní àríwá, pápákọ̀ tí ìjọba Cyprus kò kà sí ẹnubodè rárá. Lójú ìjọba yẹn, ẹni tó gba Ercan wọlé, ọ̀nà ẹ̀bùrú ló gbà. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, orúkọ pápákọ̀ ni kí èèyàn kọ́kọ́ kà.

Kípírù tí Bánábà inú Bíbélì ti wá náà ni Cyprus òde òní. Ó gba òmìnira lọ́wọ́ Ìlú Ọba ní 1960. Ní 1974, àwọn kan dìtẹ̀ gbàjọba kí wọ́n lè so ó mọ́ Gíríìsì, ni ọmọ ogun Tọ́kì bá ya wọ àríwá, wọn kò sì padà lọ mọ́. Àríwá pe ara rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè ní 1983; Tọ́kì nìkan ló dá a mọ̀. Cyprus, tí ìjọba rẹ̀ ń ṣàkóso gúúsù, wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2004, yúrò ni wọ́n sì ń ná ní gúúsù. Lírà Tọ́kì ni ti àríwá.

Ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kó tó wọ gúúsù. Títí di òpin 2025, Cyprus kò tíì sí nínú Schengen, àgbègbè àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí físà kan náà ń gbé èèyàn wọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba ẹni tí físà Schengen rẹ̀ ṣì lágbára, bó bá jẹ́ èyí tó fàyè gba ìwọlé ẹ̀ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlẹ́ẹ̀kan kò ṣeé lò. Ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180 ni àlejò ní. Ìwé ìgbélùú Ìlú Ọba kò ṣí ilẹ̀kùn yìí o: ẹni tó ṣì ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà á gba físà, bó ti wù kó ti pẹ́ tó ní Peckham ní London. Oní-pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba ni kò nílò rẹ̀ fún ìbẹ̀wò ọjọ́ 90.

Àríwá ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kàwé, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ ti ń dunni jù. Ejẹ́ǹtì á ní Yúróòpù ni Cyprus, òbí á ta ilẹ̀, ọmọ á balẹ̀ sí Ercan, á wá rí i pé òun kò lè sọdá sí gúúsù, ká má tilẹ̀ sọ ti Jámánì. Yunifásítì gidi wà níbẹ̀. Irọ́ ejẹ́ǹtì ni wàhálà. Nàìjíríà kò ní iléeṣẹ́ aṣojú ní àríwá, Ankara ní Tọ́kì ni èyí tó ń bójú tó àwọn ọmọ wa níbẹ̀ wà. NiDCOM, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun, ti kìlọ̀ léraléra nípa lílọ kàwé ní àríwá.

Oní-pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba tó gba gúúsù wọlé lè fẹsẹ̀ rìn lọ wo àríwá kó sì padà. Ní Nicosia, olú ìlú tí ààlà náà là sí méjì, ojú pópó Ledra tí wọ́n ṣí ní 2008 ni ọ̀pọ̀ ń gbà. Láàárín ṣọ́ọ̀bù aṣọ àti ilé kọfí, ọlọ́pàá á wo pásípọ́ọ̀tù. Lẹ́yìn náà èèyàn á la àárín ilé àtijọ́ tí wọ́n ti tì pa kọjá. Ọlọ́pàá ti àríwá á tún yẹ ìwé wò. Ẹni tó bá ya fọ́tò ológun tàbí bárékè ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ẹjọ́. Ẹni tó háyà mọ́tò ní gúúsù ní láti ra ìnsọ́ránsì mìíràn lẹ́nu ibodè, torí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò dé àríwá. Ní ìhà méjèèjì, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wakọ̀ sí. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Nàìjíríà ń lò náà bá sọ́kẹ́ẹ̀tì ìhà méjèèjì mu.

Ó wá ku ẹrù oúnjẹ. Yálà láti Èkó tàbí láti London, òfin Yúróòpù kò gba ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́ tàbí wàrà wọ gúúsù. Iṣu gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìlera irúgbìn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbọn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó kò nílò rẹ̀. Ẹja gbígbẹ lè wọlé, bí kò bá ti ju kílò 20 lọ.