Eyín Kan Lè Dá Ọkọ̀ Ogun Padà

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, Great Lakes nítòsí Chicago ni wọ́n ti ń kọ́ wọn. Ó kọ̀wé pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò, AS ni. Wọ́n tún ní kòkòrò ti jẹ eyín òun kan, bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, òun ò ní lè bá ọkọ̀ lọ. Ṣé eyín lásán ló fẹ́ dí i lọ́wọ́? Ṣé AS ò ní lé e kúrò? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kìlọ̀ fún un pé bí nǹkan bá ń dùn ún, kó dákẹ́.
Ìyá Jagunjagun, Houston

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọkàn ọmọ. AS kì í ṣe àìsàn, wọn kì í sì í torí rẹ̀ nìkan lé èèyàn. SS ni wọn kì í gbà. Àmọ́ ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n yín yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sí i.

Ìpele mẹ́rin ni wọ́n pín eyín sí. Ẹni tó wà ní ìkíní kò nílò ìtọ́jú. Ti ìkejì nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jọ pé yóò di wàhálà láàárín ọdún kan. Àwọn wọ̀nyí lè wọkọ̀. Ìkẹta ni eyín tó ṣeé ṣe kó di pàjáwìrì kí ọdún tó yípo, ìkẹrin sì ni ẹni tó yẹ kí wọ́n yẹ eyín rẹ̀ wò tí wọn ò tíì yẹ̀ ẹ́. Ó jọ pé ìkẹta ni ọmọ yín wà.

Ìdí rẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ogun ló ní dókítà. Ọkọ̀ ńlá tí bàálù ń gbéra lórí rẹ̀ ní dókítà, oníṣẹ́ abẹ àti oníṣègùn eyín. Nínú ọkọ̀ abẹ́ omi, corpsman kan ṣoṣo, ìyẹn ọmọ ogun tó ń tọ́jú aláìsàn, tí wọ́n ń pè ní “Doc”, ló sábà máa ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ká ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnì kan wú lóru débi pé kò lè la ẹnu mọ́. Doc á fún un ní oògùn apakòkòrò àti ti ìrora. Bí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, ọkọ̀ tó ń fara pamọ́ lè ní láti yọ sójú omi kí hẹlikópítà wá gbé e. Olójú jíjìn, òkèèrè ló ti ń mẹ́kún sun: orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ ara àti eyín wò lọ́dọọdún, tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí wọ́n sì ń ṣe awò fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa.

Ní ti AS, iṣẹ́ agbára nínú ooru ni ká ṣọ́ra fún. Ẹni tó bá sáré kọjá agbára láìmu omi, iṣan ara rẹ̀ lè bàjẹ́, kó sì ṣàkóbá fún kíndìnrín. Bí iṣan bá ń ro ó lọ́nà tó ṣàjèjì, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kóòkì, kó dúró, kó sì sọ kíá. Ẹni tó bá dákẹ́ níbẹ̀ lè kú.

Wọ́n tún ń wá èròjà kan tó ń jẹ́ G6PD nínú ẹ̀jẹ̀, torí bí kò bá tó lára èèyàn, primaquine, oògùn ibà kan, lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ibà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún wọn. Ní 2003, àwọn ológun Amẹ́ríkà ti inú ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ sí Liberia. Nínú bíi 290 wọn, ibà mú 80. Wọ́n ní oògùn lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ni kò lò ó bó ṣe yẹ.

Iṣẹ́ tiyín rèé: ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ ránṣẹ́ sí i. Ta ló ní SS nínú ẹbí? Ta ló ní ikọ́ fée? Oògùn wo ló máa ń yún un lára ní kékeré? Bí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ bá ṣì wà, ẹ wá a jáde. Ẹ má fi àgbo ránṣẹ́ sí i láìjẹ́ pé àwọn olùtọ́jú rẹ̀ mọ̀ sí i. Kó jẹ́ kí wọ́n tọ́jú eyín náà báyìí. Ọlọ́run á bá wa dá a sí.