Owó Dé, Ṣé Dandan Ni Jíìpù?

Ìbéèrè: A ta ilẹ̀ bàbá wa, ìpín tó kàn mí sì pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní àfi kí n ra jíìpù, kí n sì pe onífújì. Ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Ṣé ahun ni mí ni? (Olùkọ́, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o, olùkọ́ wa. Ẹ kì í ṣe ahun. Lójú àwọn ọ̀rẹ́ yín, owó tí wọn ò rí ọkọ̀ rẹ̀, tí wọn ò gbọ́ ìlù rẹ̀, kò tíì dé.

Jíìpù kò ṣòro rà, bíbọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, epo ti wọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ńlá ń mu ún bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ló ni ilé epo. Ní ti onífújì, ẹ rántí pé òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka níná owó mọ́ olórin lórí sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ó kéré tán, tàbí ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì.

Ẹ má ra nǹkan ńlá kankan fún oṣù díẹ̀. Ẹ pín owó náà sí báńkì mélòó kan, torí ìdánilójú tí àjọ NDIC ń fúnni lórí owó báńkì ńlá kan kò kọjá mílíọ̀nù 5 náírà. Bí ọ̀rẹ́ bá ń tì yín, ẹ sọ pé owó ti wọṣẹ́. Tí mọ̀lẹ́bí bá ń jà sí ilẹ̀ náà, lọ́yà ni kí ẹ kọ́kọ́ rí.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ yẹn, bó bá jẹ́ iná sólà ló wù yín dípò jíìpù, ẹ rà á ní tiyín.