Irinṣẹ́ Kan, Ibi Mẹ́ta: Nígbà Wo Ni Èkejì Kì í Ṣe Ìnákúnàá?

 

Nínú ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí, a ó sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó kéré lójú, ṣùgbọ́n tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín ìgbìmọ̀ tí ń yẹ ìwé ẹ̀yáwó wò. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ti ní òòlù, sípánà àti páláyà, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹgbẹ́ tún yá a lówó láti ra òmíràn irú kan náà? Ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé kò tọ́. Èmi pẹ̀lú ti dáhùn bẹ́ẹ̀ rí, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀.

KÁFÍŃTÀ TÍ A KÒ YÁ LÓWÓ

Ní ẹgbẹ́ kan tí mo máa ń lọ yẹ ìwé rẹ̀ wò, káfíńtà kan wà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí ó fi ń kó àga àti tábìlì lọ fún àwọn oníbàárà. Àpótí irinṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ní. Láàárọ̀, á gbé e láti ilé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá fẹ́ rìnrìn àjò, á gbé e sínú ọkọ̀. Lálẹ́, á tún gbé e wọlé. Ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé òun fẹ́ yá owó díẹ̀ láti fi ra irinṣẹ́ tí yóò máa gbé inú ọkọ̀, tí kò ní kúrò níbẹ̀ láé. Ìgbìmọ̀ bi mí léèrè ohun tí mo rò. Mo ní kí wọ́n wo ìwé rẹ̀ ti ọdún tí ó kọjá: owó irinṣẹ́ náà ni ó yá nígbà náà. Mo ní ohun tí ènìyàn bá ti ní, kò yẹ kí ó fi owó ẹgbẹ́ rà á lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n gba ìmọ̀ràn mi, wọ́n sì dá ìwé náà padà.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọkùnrin yìí kó àga ilé ìjọsìn kan láti Ìbàdàn, ó ń lọ sí Ifẹ̀ lálẹ́. Àga náà gbọ́dọ̀ dé kí ìsìn ìdúpẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó dé Gbọ̀ngán, táyà ẹ̀yìn jò. Ó ní sípíà táyà, ó ní jáàkì. Ó ṣí àpótí irinṣẹ́, kò rí wíìlì sípánà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti mú un lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti fi tú nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ tábìlì tí wọ́n ti ń la pákó, kò sì dá a padà. Ojú ọ̀nà ni ọ̀gá náà sùn mọ́jú. Nígbà tí àga fi máa dé, ìsìn ti parí. Àwọn tí ó ni iṣẹ́ kò san gbogbo owó tí wọ́n bá a ná, wọn kò sì gbé iṣẹ́ kejì tí wọ́n ti ṣèlérí fún un mọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi rí owó ẹgbẹ́ san. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì, tí wọn kò mọ ohunkóhun nípa sípánà, ni a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé sí.

Mo rò ó títí. Owó tí a kọ̀ láti yá ọkùnrin yìí kò tó owó táyà kan. Ohun tí òun àti ẹgbẹ́ pàdánù ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

BÍ ÀWỌN BABA WA TI Ń ṢE

Kí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó dé Nàìjíríà ní 1935 ni àwọn baba wa ti ń dá àáró. Ẹ rántí bí wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn mẹ́wàá lè lọ sí oko ẹnìkan lónìí, kí wọ́n lọ sí ti ẹlòmíràn lọ́la. Agbára wọn ni wọ́n dà pọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ́ ńkọ́? Olúkúlùkù ni í gbé ọkọ́ tirẹ̀ lé èjìká wá. Ẹni tí ó bá wá lọ́wọ́ òfo, tí ó ń dúró kí ẹlòmíràn sinmi kí òun tó gba ọkọ́ rẹ̀, ẹni náà kò tíì dé oko. Àwọn àgbà náà ni wọ́n sọ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹni. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ìgbìmọ̀ béèrè kì í ṣe, “Mélòó ni ó ti ní?” Ìbéèrè náà ni pé, “Bí irinṣẹ́ yìí kò bá sí nítòsí ní wákàtí tí a nílò rẹ̀, iṣẹ́ wo ni yóò dúró?” Bí iṣẹ́ tí yóò dúró bá tóbi ju owó irinṣẹ́ lọ, èkejì rẹ̀ kì í ṣe ìnákúnàá. Bí kò bá sí iṣẹ́ tí yóò dúró, ìnákúnàá ni, ì báà jẹ́ àkọ́kọ́.

Ẹ JẸ́ KÍ Á ṢÍRÒ Ó

Ká sọ pé mẹkáníìkì kan máa ń gbàgbé irinṣẹ́ sílé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú 25 ni ó fi ń lọ mú un, ìṣẹ́jú 25 ni ó fi ń bọ̀. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú 50 lẹ́ẹ̀kan, àti 100 lọ́sẹ̀. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 50 lọ́dún, ó di ìṣẹ́jú 5,000, èyí tí í ṣe wákàtí 83 àti ìṣẹ́jú 20. Bí a bá ka wákàtí 8 sí iṣẹ́ òòjọ́ kan, ó lé ní ọjọ́ 10 tí ó fi ń rìn kiri láìgba kọ́bọ̀. A kò tíì ka owó ọkọ̀ tàbí epo mọ́ ọn. Kí olúkúlùkù fi iye tí òun ń rí lójúmọ́ ṣírò tirẹ̀, kí ó sì fi wé iye tí wọ́n ń ta sípánà méjì lọ́jà.

IBI MẸ́TA, IṢẸ́ MẸ́TA

(1) Ní ilé. Òòlù kan, sukudíráfà méjì, páláyà tí a fi rọ́bà bo ọwọ́ rẹ̀, téèpù ìwọ̀n àti tọ́ọ̀ṣì ti tó. Iṣẹ́ ilé kì í ṣe ti ojoojúmọ́. Irinṣẹ́ tí ó ti gbó díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ kò mì, lè wá fẹ̀yìn tì sí ilé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbọ́kàn lé rọ́bà ọwọ́ páláyà: ẹ pa iná kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà.

(2) Ní ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni èyí tí ó dára jù gbọ́dọ̀ wà, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń wọlé. Kí irinṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù má bá ènìyàn lọ sílé, kí ó má sì wọ inú ọkọ̀. Bí iṣẹ́ bá wà níta, kí á kọ ohun tí a mú jáde sílẹ̀, kí á sì kà á nígbà tí a bá dé.

(3) Nínú ọkọ̀. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó (FRSC), tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988, ń béèrè pé kí ọkọ̀ ní sípíà táyà, jáàkì, wíìlì sípánà, C-caution àti ẹ̀rọ ìpaná. Ẹ fi páláyà, sukudíráfà, tọ́ọ̀ṣì àti sípánà tí ó bá nọ́ọ̀tì orí bátìrì mu kún un. Ẹ dì wọ́n sínú àpò kan, kí ẹ sì so ó mọ́lẹ̀, nítorí bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, òòlù tàbí sípánà tí ó wà lófìífo lè fò lu ènìyàn.

Kí á tún wo ìwọ̀n. Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota ń fẹ́ sípánà mílímítà 21. Ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Honda ń fẹ́ 19. Ẹni tí ó ta Honda tí ó sì ra Toyota, tí ó wá kó irinṣẹ́ àtijọ́ sínú ọkọ̀ tuntun, ó ní sípánà lójú, kò ní in lọ́wọ́. Ẹ dán an wò nílé, kì í ṣe lójú ọ̀nà. Ẹ má sì gbàgbé pé a máa ń dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, kí á tó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ OLÚKÚLÙKÙ RÀ

Ẹ má ṣe rò pé mo ń sọ pé kí á ra gbogbo nǹkan ní méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn ohun ńlá wà tí ó sàn kí ẹgbẹ́ ní ní àjọni: àkàbà gígùn, jáàkì ńlá tí ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀rọ tí a fi ń jó irin pọ̀. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Kí ẹgbẹ́ tó ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí á béèrè ohun mẹ́ta: Ṣé owó rẹ̀ ju agbára ẹnìkan lọ? Ṣé ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò lò ó lóṣù? Ṣé kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo wa yóò nílò rẹ̀?

Ìbéèrè kẹta yìí ni a máa ń gbàgbé jù. Ẹ wo ẹ̀rọ tí a fi ń fín kòkó. Nígbà òjò ni àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú ń jà, ní oko gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àgbẹ̀ ogún bá ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ẹni tí yóò gbà á kẹ́yìn yóò bá èso tí ó ti jẹrà lórí igi. Irú èyí, kí ẹgbẹ́ yá ènìyàn lówó láti ní tirẹ̀, tàbí kí àwọn díẹ̀ tí oko wọn kò jìnnà síra dá owó ra ọ̀kan.

Ohun àjọni tí kò ní olùtọ́jú kì í pẹ́ bàjẹ́. Kí akọ̀wé ní ìwé kan tí yóò máa kọ ọjọ́ tí a mú irinṣẹ́ jáde, ẹni tí ó mú un, bí ó ti rí, àti ọjọ́ tí a dá a padà, pẹ̀lú ìfọwọ́sí.

BÍ A Ó ṢE RÀ Á

(1) Ẹ má ṣe ra àpótí ńlá tí ohun púpọ̀ kún inú rẹ̀ nítorí pé ó ń dán. Fún oṣù kan, ẹ máa kọ irinṣẹ́ tí ẹ fẹ́ lò tí kò sí nítòsí. Èyí tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni kí ẹ ra èkejì rẹ̀.

(2) Ẹ mọ èyí tí ó jẹ́ ti ínṣì àti èyí tí ó jẹ́ ti mílímítà. Ínṣì kan jẹ́ mílímítà 25.4, nítorí náà ìdajì ínṣì jẹ́ 12.7. Bí a bá fi sípánà 13 sí nọ́ọ̀tì ìdajì ínṣì, yóò mì díẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì bá sì le, yóò jẹ igun rẹ̀, kò sì ní ṣeé tú mọ́.

(3) Ẹ fi owó tí ẹ fi pamọ́ ra èyí tí ó kéré, ẹ yá owó ra èyí tí ó tóbi. Nínú ìwé ẹ̀yáwó, ẹ kọ ibi tí irinṣẹ́ yóò máa gbé àti iṣẹ́ tí yóò dúró bí kò bá sí.

(4) Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí wọn: pupa fún ọkọ̀, funfun fún ilé, àwọ̀ mìíràn fún ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù níbi tí ẹ ń gbé e kọ́. Ibi tí ó bá ṣófo yóò sọ ohun tí ó sọnù. Ní ìparí oṣù, ẹ nù wọ́n gbẹ, kí ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì díẹ̀ pa wọ́n lára nítorí ìpẹtà.

Ní ti káfíńtà wa, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ìpàdé, ìgbìmọ̀ sì yá a lówó náà. Ó ti san án tán. Nígbà tí mo tún lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ náà wò, ó pè mí síbi ọkọ̀ rẹ̀, ó ṣí àpò náà hàn mí. Gbogbo rẹ̀ ni ó fi ọ̀dà pupa kùn. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀gá òun ti kìlọ̀ pé ọwọ́ tí ó bá kan pupa yóò fi ẹsẹ̀ rìn dé Gbọ̀ngán.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Irinṣẹ́ wo ni o máa ń gbé láti ilé lọ sí ṣọ́ọ̀bù tàbí oko lójoojúmọ́? Iṣẹ́ wo ni ó ti dúró rí nítorí rẹ̀?

2. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ti ní àdá méjì kọ̀wé láti yá owó ra ẹ̀kẹta. Ìbéèrè wo ni ìgbìmọ̀ yóò bi í kí wọ́n tó gbà tàbí kọ̀?

3. Kí ni ẹgbẹ́ wa lè ní ní àjọni, ta ni yóò sì máa tọ́jú ìwé rẹ̀?

4. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ jáde lọ síbi ọkọ̀ yín kí ìpàdé tó túká. Ǹjẹ́ wíìlì sípánà yín wà níbẹ̀? Ǹjẹ́ ó bá nọ́ọ̀tì mu?