Mọ́tò Tó Máa Gbé Wa Lọ Síbi Iṣẹ́ Ní Mọ́ńdè: Bí A Ṣe Ń Yan Ọkọ̀ Tó Lè Sáré Lórí Ilẹ̀ Pupa

Ẹ̀kọ́ wa lọ́sẹ̀ yìí dá lórí ọkọ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ olówó ńlá o. Ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ tówó rẹ̀ mọ níwọ̀n lè rà ni, tí á máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, tó sì lè fi bá àwọn ọ̀rẹ́ ṣeré ìje lórí ilẹ̀ eléruku lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó fà á nìyí. Olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Èrúwà níbí ló ń gbé, àmọ́ Igbó-Ọrà ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta máa ń lọ sórí oko kan tí wọ́n ti kórè rẹ̀ tán. Wọ́n á fi táyà àtijọ́ sàmì síbi tí ọkọ̀ máa gbà, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sáré tirẹ̀ lọ́tọ̀, èmi ni mo sì máa ń fi fóònù ka àkókò fún wọn.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kó owó àjẹṣẹ́kù ọdún méjì, ó fi ra ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ náà rẹwà. Ó sún mọ́ ilẹ̀, táyà rẹ̀ fẹ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dùn létí. Èmi gan-an ni mo ní kí wọ́n rà á. Ní Sátidé kejì, òkúta kan gbá abẹ́ rẹ̀, sọ́ḿpù tó gba ọ́ìlì dúró là. Ẹ̀gbọ́n mi ò tètè mọ̀. Kí wọ́n tó pa á, ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Wọ́n wá ẹ̀yà ara rẹ̀ dé Ìbàdàn, wọn ò rí i. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi gun ọ̀kadà lọ Igbó-Ọrà, tí wọ́n ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, títí wọ́n fi gba ìwé ìkìlọ̀.

Ọ̀gá mẹkáníìkì wo abẹ́ ọkọ̀ náà, ó mi orí. Ó ní, "Tíṣà, mọ́tò yìí ò burú o. Ilẹ̀ wa ni kò mọ̀."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tún tu owó díẹ̀ jọ, wọ́n pè mí. "Ìwọ lo yan ti àkọ́kọ́. Lọ kẹ́kọ̀ọ́ kó o tó yan ìkejì." Ohun tí mo kọ́ ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

KÍ NI ÌTÀN KỌ́ WA?

Lọ́dún 1953 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré ìje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ojú ọ̀nà eléruku àti ẹlẹ́rẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Lọ́dún 1963, ọkọ̀ 84 ló gbéra, 7 péré ló parí. Peugeot 404 ló gbapò kìíní, ọkọ̀ tí bàbá olọ́mọ ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀, 1962, Volkswagen tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ìjàpá ló borí. Ẹ ò rí nǹkan! Ìjàpá tún jáwé olúborí nínú eré sísá, bíi ti inú àlọ́.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa, wọ́n ń ṣe eré ìje Bandama ní Côte d'Ivoire. Lọ́dún 1972, eré náà le débi pé kò sí ọkọ̀ kan tó parí rẹ̀ láàárín àkókò tí wọ́n fún wọn. Wọn ò rí ẹni tí wọ́n máa pè ní olúborí. Nígbà tó di 1975, Ove Andersson, ọmọ ilẹ̀ Súwídìn, fi Peugeot 504 gba ipò kìíní ní Safari. Ọdún 1975 yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot tó wà ní Kàdúná ṣí ilẹ̀kùn. Lọ́dún 1978, Jean-Pierre Nicolas, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi 504 gba Safari, ó sì tún fi gba ti Côte d'Ivoire.

Òótọ́ ni pé wọ́n ti fi nǹkan kún àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn, wọn ò rí bí ti ọjà gẹ́lẹ́. Àmọ́ ẹ̀kọ́ ibẹ̀ yé mi: lórí ilẹ̀ pupa, kì í ṣe ẹni tó yára jù ló ń borí. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ parí eré ni.

OHUN MẸ́RIN TÓ YẸ KÁ WÒ

Èkíní ni ikùn ọkọ̀. Ẹ mú rúlà ọgbọ̀n sẹ̀ntímítà, kẹ́ ẹ fi wọn ibi tó lọ sílẹ̀ jù lábẹ́ ọkọ̀ sí ilẹ̀. Ti ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi àkọ́kọ́, 11 ni mo kà. Èmi àti ọ̀gá mẹkáníìkì fẹnu kò pé ohun tí kò bá tó 15, ká rọra. Lẹ́yìn náà, ká ní kí wẹ́dà jó irin pẹlẹbẹ mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí òkúta má baà rí sọ́ḿpù gbá.

Èkejì ni ìwúwo. Àwa tó ń ṣe Físíìsì mọ̀ pé ọkọ̀ ò lè lọ ju bí táyà ṣe lè di ilẹ̀ mú lọ. Lórí eruku, táyà ò dilẹ̀ mú bíi ti orí títì. Tí ẹ́ńjìnnì bá lágbára jù, táyà á kàn máa yí lójú kan ni, á máa da eruku sókè. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ máa ń tètè gbéra, ó ń tètè dúró, kì í sì í fìyà jẹ ṣọ́kù. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀yà ara àti ẹni tó mọ ọ́n tún ṣe. Mo lọ jókòó ní ṣẹ́ẹ̀dì mẹkáníìkì lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń ka ọkọ̀ tó ń wọlé. Mo bi ọ̀gá pé, "Bàbá, ṣé èyí tó wọ́pọ̀ níbí kọ́ ló máa ń bàjẹ́ jù?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, mọ́tò tó wọ́pọ̀ níbí, ọjọ́ kan náà ló ń jáde. Èyí tí n kì í rí ni mò ń bẹ̀rù."

Ẹ̀kẹrin ni owó. Ẹ pín owó yín sí ọ̀nà mẹ́rin. Ẹ fi mẹ́ta ra ọkọ̀, kẹ́ ẹ fi ìkẹrin pa mọ́ fún táyà, ṣọ́kù, bíréèkì àti ọ́ìlì. Ẹni tó bá ná gbogbo owó rẹ̀ sórí ọkọ̀, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn.

ỌKỌ̀ WO LÓ WÁ TÓ O?

Peugeot 504: ikùn rẹ̀ ga, ṣọ́kù rẹ̀ gba kòtò, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í. Àmọ́ ó ti darúgbó. Èyí tó kù ti dípẹtà, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe dáadáa ti ń dàgbà.

Volkswagen Golf 3: ó gbóná, ó le, ẹ̀yà ara rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Bélíìtì ló ń yí àwọn ohun èlò inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ pààrọ̀ bélíìtì náà lọ́jọ́ tó rà á, torí tó bá já lójú ọ̀nà, ó parí.

Toyota Corolla: kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ owó rẹ̀ ti ga, ẹni tó bá fẹ́ fi ṣeré lórí òkúta á máa ronú.

Nissan Micra, irú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́dún 1992: ọkọ̀ tákísí Ìbàdàn ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí. Ẹ́ńjìnnì kékeré ni, ṣéènì ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe bélíìtì. Ó fúyẹ́, epo rẹ̀ ò pọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé táyà rẹ̀ kéré, ikùn rẹ̀ ò sì ga púpọ̀, nítorí náà irin abẹ́ ẹ́ńjìnnì di dandan.

KẸ́ Ẹ TÓ SANWÓ

Ẹ lọ láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kẹ́ ẹ tó ta á. Èéfín aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì: tí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bá dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti ń wọ inú ọ́ìlì, ẹ máa lọ ilé yín. Ẹ fi gbogbo ara tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀: tó bá ń jó sókè sódò láìdúró, ṣọ́kù rẹ̀ ti kú. Ẹ wo fítà afẹ́fẹ́ náà, nítorí eruku ọyẹ́ máa ń dí i pa.

ÒFIN KAN TÓ WÙ MÍ

Ní Fínláńdì àti Súwídìn, eré ìje kan wà fún mẹ̀kúnnù lórí ilẹ̀ eléruku. Wọ́n ti dá iye kan lé ọkọ̀ tó bá fẹ́ sáré níbẹ̀. Lẹ́yìn eré, ẹlòmíràn lè ní òun fẹ́ ra ọkọ̀ rẹ ní iye yẹn, o ò sì gbọdọ̀ kọ̀. Ta ló máa wá na owó rẹpẹtẹ sórí ọkọ̀ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú? Bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ọmọ tálákà àti ọmọ olówó bára wọn dọ́gba nìyẹn.

Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ FETÍ SÍ ÈYÍ

Mi ò kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni lọ máa sáré lójú ọ̀nà Ìbàdàn o. Títì kì í ṣe pápá. Tí ọkọ̀ bá kúrò ní 40 lọ sí 80 láàárín wákàtí kan, agbára tó wà nínú ìrìn rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dì. Bíréèkì tó tó tẹ́lẹ̀ ò ní tó mọ́. Ẹni tí kò bá tí ì pé ọdún 18 kò lè gba ìwé ìwakọ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà iṣẹ́ tiwa ni ká ka àkókò. Ẹni tó ń wakọ̀ gbọ́dọ̀ de bẹ́líìtì ìjókòó, kó dé akoto, kó dá sáré, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró nítòsí ibi tí ọkọ̀ ti ń kọ́nà.

IBI TÓ PARÍ SÍ

Micra ni mo mú wá fún ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Tíṣà, Mọ́kọ́lá dà? Ẹnì kan ló kù!" Ẹ̀gbọ́n mi ò dá wọn lóhùn. Wọ́n jó irin mọ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ṣọ́kù iwájú méjèèjì, owó sì tún ṣẹ́ kù.

Ní Sátidé tí wọ́n kọ́kọ́ fi sáré, ipò kẹta ni wọ́n ṣe nínú ènìyàn mẹ́rin. Mo rò pé inú á bí wọn sí mi. Wọ́n kàn fi aṣọ nu eruku ojú gíláàsì, wọ́n ní, "Wọlé, jẹ́ ká máa lọ." Ọkọ̀ náà gbé wa délé. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí agogo tó lù ní Igbó-Ọrà, ẹ̀gbọ́n mi ti dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì wọn.

ÌDÁNRAWÒ

1. Kí nìdí tí ẹ́ńjìnnì ńlá kò fi wúlò púpọ̀ lórí eruku?
2. Ẹ fi rúlà wọn ikùn ọkọ̀ kan nílé tàbí ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí.
3. Tí ọkọ̀ bá kúrò ní 30 lọ sí 90 láàárín wákàtí kan, ìlọ́po mélòó ni agbára ìrìn rẹ̀ fi lé sí i?
4. Ṣé ẹ fara mọ́ òfin Fínláńdì àti Súwídìn? Ẹ sọ ìdí yín.

Ẹ kó ìdáhùn yín fún ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Èyí tó bá dára jù, a máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yìí.