Ajá Ilé ní Àkókò Ọ̀wọ́n Oúnjẹ



Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ni owó ọkọ̀ ti gbéra sókè, tí gàrí àti èlùbọ́ sì tẹ̀ lé e. Ìyá tí ó ń fi ife wọn gàrí fún ọmọ mẹ́rin kò ní ṣàì wo ajá tí ó dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí ó sì bi ara rẹ̀ bóyá kí wọ́n lé e lọ tàbí kí wọ́n tà á. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òǹrorò ènìyàn. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má ṣe lé e, nítorí ìlera àwọn ọmọ yín wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ibo ni ajá tí a lé ń lọ?

Kì í lọ jìnnà. Agbolé fara kan agbolé ní ìlú wa. Ajá tí a bá lé ní òwúrọ̀ yóò ti dé ààtàn ẹ̀yìnkùlé kejì kí ó tó di ọ̀sán. Láti ibẹ̀ ni yóò ti gba ọjà Akẹ́sán tàbí ọjà Wazo lọ, tí yóò máa bá àwọn ajá mìíràn jà nítorí egungun. Nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀ ni àrùn dìgbòlugi ti ń wọ ajá lára, nítorí pé inú itọ́ ajá tí ó ní àrùn náà ni ó wà, ojú egbò ni ó sì ń gbà wọlé. Bí ajá náà bá padà sí àdúgbò yín, àwọn ọmọ tí ó mọ orúkọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ na ọwọ́ sí i.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé dìgbòlugi ń pa ènìyàn bí 59,000 lọ́dọọdún káàkiri ayé, àti pé nínú 100 ènìyàn tí ó kó o, bí 99 ni ó kó o láti ara ajá. Nínú 100 ènìyàn tí ajá tí a fura sí bá gé jẹ, 40 ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Abẹ́rẹ́ tí a ń gún fún ẹni tí ajá gé jẹ, kí àmì náà tó hàn, sì wọ́n ju ti ajá lọ púpọ̀. Ilé tí ó lé ajá nítorí owó lè tipa bẹ́ẹ̀ jẹ gbèsè ilé ìwòsàn.

Àwọn kan yóò ní àwọn kò ní lé e, títà ni àwọn yóò tà á. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí yóò sìn ín ni, kò burú. Ṣùgbọ́n àrùn náà lè wà nínú itọ́ ajá fún ọjọ́ mélòó kan kí àmì kankan tó hàn, ẹni tí ó bá sì pa á, tí ó sì kun ún, ni itọ́ àti ọpọlọ rẹ̀ yóò kan lọ́wọ́.

Oúnjẹ tí kò ní gba ẹnu ọmọ

Ọdẹ ni Ògúnlọlá tí ó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó. A kò ní láti kọ́ ará ìlú náà bí ajá ti wúlò tó, tàbí pé ajá kò nílò ìrẹsì ọ̀tọ̀. Àwọn tí ó ń ṣe ògì ní èérí tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ sè é pọ̀ mọ́ orí ẹja, tàbí ìfun tí alápatà kò rí tà, kí ó jinná dáadáa, nítorí aràn wà nínú ìfun tútù. Àjẹkù àmàlà àti ẹ̀kọ dára pẹ̀lú. Ẹ má ṣe fún un ní egungun adìyẹ tí a ti sè, nítorí ó máa ń ṣẹ́ ṣóńṣó sí i lọ́nà ọ̀fun, ẹ má sì fi àlùbọ́sà sí oúnjẹ rẹ̀. Ìyá olóúnjẹ tí ó wà ládùúgbò kì í kọ̀ bí ẹ bá fi abọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé mẹ́ta sì lè pawọ́ pọ̀ sin ajá kan tí ń ṣọ́ gbogbo wọn, kí wọ́n máa bọ́ ọ ní ìkọ̀ọ̀kan.

Ẹrù tí ó ń wúwo jù ni ọmọ bíbí. Abo ajá ń gbé oyún fún bí oṣù méjì, ó sì lè bí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ béèrè iye tí dókítà ẹran yóò gbà láti tẹ akọ lọ́dàá tàbí láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo. Bí agbára kò bá ká a, ẹ ti abo mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí ó bá ń wá akọ.

Abẹ́rẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé

Bí ó bá jẹ́ owó díẹ̀ ni ẹ ní fún ajá, abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ni kí ẹ fi ṣe. Bí ọmọ ajá bá pé oṣù mẹ́ta ni a ń gún un, a sì ń tún un gún lọ́dọọdún. Ilé ìwádìí ìṣègùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, wà lára àwọn tí ó ń ṣe é. Ìgò kan wà tí ó jẹ́ ti ajá mẹ́wàá. Bí a bá ti ṣí i, kò ṣe é fi pamọ́ di ọjọ́ kejì. Ibí yìí ni ọgbọ́n wà fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Kí baálé agbolé ka iye ajá tí ó wà ládùúgbò, kí ẹ béèrè dókítà ẹran ní ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn ti ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ sì pín owó ìgò náà àti owó ọkọ̀ rẹ̀ láàrin ara yín. Ó rọrùn ju kí ìyá kan ṣoṣo gbé ajá wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn, ìrìn bí 100 kìlómítà. Ẹ má ṣe ra abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gbé e kiri nínú àpò ọ̀rá. Inú òtútù ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ń gbé. Èyí tí oòrùn bá ti pa, omi lásán ni ẹ rà.

Lọ́dọọdún ni a ń ṣe Ọjọ́ Dìgbòlugi Àgbáyé ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ tí Louis Pasteur kú ní 1895. Òun ni ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó fi abẹ́rẹ́ gba ọmọdékùnrin kan lọ́wọ́ àrùn yìí ní 1885. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn dókítà ẹran a máa gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní ẹ̀dínwó ní àsìkò náà, nítorí náà ẹ ti béèrè kí ọjọ́ tó pé. Kò sí ìtìjú nínú gbígba irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1917, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, ni Maria Dickin ṣí ibi ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún ẹran ọ̀sìn àwọn tálákà. Iṣẹ́ náà ṣì ń lọ títí di òní.

Ológbò náà ń fẹ́ abẹ́rẹ́ yìí. Ẹ má ṣe lé òun náà, nítorí eku ni ó ń tan ibà Lassa kálẹ̀, eku kì í sì ráyè nínú èlùbọ́ ilé tí ológbò wà.

Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ má ṣe fi ata, epo pupa tàbí irun ajá sí i. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, bí egbò náà tilẹ̀ kéré. Ẹ má ṣe yára pa ajá náà. Bí ẹ bá lè so ó láìséwu, ẹ so ó, kí dókítà ẹran lè máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ mẹ́wàá yìí kí ẹ tó gba ìtọ́jú. Ibi tí káàdì àjẹsára ọmọ wà ni kí ẹ fi ti ajá pamọ́ sí, nítorí wọn yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín ní ilé ìwòsàn.