Ẹ Ṣọ́ra fún Omi Ẹ̀yìn ní Cuxhaven

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé ní Hamburg àti agbègbè rẹ̀, ìgbà ooru ti dé, ọ̀pọ̀ yín yóò sì kó ọmọ lọ sí Cuxhaven, níbi tí odò Elbe ti wọ inú òkun. Ẹ lọ o, ìlú náà dùn. Ẹ dúró lórí Alte Liebe létí èbúté, kí àwọn ọmọ wo ọkọ̀ òkun ńláńlá bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ti èbúté kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Etíkun Duhnen àti Sahlenburg ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni omi ń fà kúrò níbẹ̀, tí ilẹ̀ ẹrẹ̀ á tẹ́ lọ rẹrẹ, títí dé erékùṣù Neuwerk. Ẹni tó bá jẹ́ òkun Èkó nìkan ló mọ̀ kò tíì rí irú rẹ̀: ti Èkó kì í ga sí i ju bíi mítà kan lọ, ṣùgbọ́n ti Cuxhaven ń tó mítà 3.

Iwájú ni gbogbo ẹni tó bá rìn jáde sórí ẹrẹ̀ náà ń wò, bẹ́ẹ̀ iwájú kọ́ ni ewu wà. Ojú ìṣàn pọ̀ nínú ẹrẹ̀ náà, Priel ni àwọn Jámánì ń pè é. Bí omi bá ń padà bọ̀, àwọn yìí ló ń kọ́kọ́ kún, àwọn kan sì wà láàárín yín àti etíkun. Ẹ ó ṣì wà lórí iyanrìn gbígbẹ, odò á ti dí yín lọ́nà ẹ̀yìn. Omi náà tutù, ó sì ń fa èèyàn. Kí ẹni tó mọ̀wẹ̀ má gbójú lé e.

Ẹ wo àkókò omi ti ọjọ́ náà gan-an, torí ó ń fi bí àádọ́ta ìṣẹ́jú yẹ̀ lójoojúmọ́. Ti àná kò wúlò mọ́. Bí kùrukùru bá bo ojú, tàbí tí ààrá ń sán, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹrẹ̀ rárá.

Neuwerk tó bíi kìlómítà 10 sí Sahlenburg, ìrìn wákàtí 3. Ẹ gba afinimọ̀nà, ẹ má sì yà kúrò níbi tí wọ́n ri igi mọ́lẹ̀ sí. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ débẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni kó bá padà, nítorí omi kò ní dúró dè é. Bí ó bá ká yín mọ́ ojú ọ̀nà, ẹ gun àgọ́ gíga tí wọ́n ṣe fún ìgbàlà, ẹ pe 112, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ títí wọn yóò fi dé.