Ọkọ̀ Dúró, Epo Ń Jó

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló máa ń fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti dúró. Èyí wọ́pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé bí àwọn òbí bá ń dúró de ọmọ, ní ibùdókọ̀ tí dánfó ti ń wá èrò, àti níwájú báńkì tí dírẹ́bà ti ń jẹ atẹ́gùn éèsì títí ọ̀gá rẹ̀ yóò fi jáde.

Bí táyà kò tilẹ̀ yí, epo ń jó. Ọkọ̀ kékeré tó dúró lè mu epo bẹntiróòlù tó ìdajì lítà sí lítà 1 ní wákàtí kan. Bí éèsì bá wà ní títàn, ó ń mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awakọ̀ tó ń ṣe èyí fún ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, yóò ti jó odindi táǹkì epo kan dànù kí ọdún tó yí po, láìdé ibì kankan.

Lítà epo kan kò wúwo tó kílò 1, síbẹ̀ gáàsì kábọ̀nù dáyọ́ksáìdì tó ń jáde lára rẹ̀ lé ní kílò 2. Kábọ̀nù inú epo ló ń so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, ọ́síjìn náà ló sì mú kí ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gáàsì yìí kì í tètè kúrò lójú òfurufú. Ó ń há ooru mọ́ ayé, bí ìgbà tí ènìyàn da aṣọ òtútù bora lọ́sàn-án gangan.

Nínú èéfín ọkọ̀, èyí tó ń yára pani ni kábọ̀nù mónóksáìdì. Kò láwọ̀, kò sì ní òórùn. Bó bá dé inú ẹ̀jẹ̀, ó ń gba àyè ọ́síjìn, nítorí pé ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, oorun á sì gbéni lọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sùn sínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ẹnu páìpù èéfín kò jìnnà sílẹ̀. Imú ìyá ẹlẹ́pà tó jókòó sórí àpótí létí títì, àti ti ọmọ ọdún mẹ́ta tí wọ́n fà lọ́wọ́, sún mọ́ ọn ju imú awakọ̀ lọ. Ní 2012, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Àwọn awakọ̀ mìíràn gbà pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa kó tó gbéra. Òótọ́ ni èyí láyé ọkọ̀ oníkabúrétọ̀. Ọkọ̀ òde òní kò nílò ju nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ. Títún ọkọ̀ tan pẹ̀lú kì í jẹ epo púpọ̀: bó bá ti dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ, pípa ẹ́ńjìnnì ló dín owó kù. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé ọkọ̀ òun kò ní tan mọ́, bátìrì tàbí sítátà rẹ̀ ló yẹ kó tún ṣe.

Òfin ti dé sí fífi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ báyìí láwọn ìlú kan. Ní New York, ọkọ̀ tó dúró kò gbọdọ̀ tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé, ìṣẹ́jú 1 péré ni.